Wreath aláwọ̀ àsíá Amẹ́ríkà fún ẹnu ilẹ̀kùn: bándánà lórí férémù wáyà ló borí

Láti ìparí oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ 4 oṣù Keje, àdúgbò díẹ̀ ló wà ní Amẹ́ríkà tí èèyàn ò ti ní rí òdòdó rìbìtì aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wreath ni wọ́n ń pè é. Memorial Day, ìyẹn Mọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú, ni wọ́n ti ń gbé e kọ́. Flag Day, ọjọ́ àsíá, á bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ òmìnira, July 4, ló ni ín gan-an. Ọdún 2026 ló sì pé 250 ọdún tí wọ́n ti kéde òmìnira yẹn. Nílé Nàìjíríà, orí sàréè la mọ irú òdòdó yìí mọ́, tàbí ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé Amẹ́ríkà bá ní kí ẹ wá bá òun ṣe wreath ní Sátidé, ẹ má wulẹ̀ bi í pé ta ló kú.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ láti ṣe é. Àkọ́kọ́ ni páálí tí wọ́n ti kó gbogbo èlò sínú rẹ̀ látilẹ̀. Èkejì ni deco mesh, aṣọ oníhò tí wọ́n fi ọ̀rá hun. Ẹ̀kẹta ni bándánà, aṣọ ìborí onígun mẹ́rin, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n so ní kókó mọ́ férémù wáyà. Nínú máàkì márùn-ún, a fún bándánà ní márùn-ún bó bá jẹ́ ẹni méjì ló ń ṣe é, mẹ́rin bó bá jẹ́ ẹnì kan. Mesh gba mẹ́ta. Páálí gba méjì, inú rere ló sì mú kó tó bẹ́ẹ̀.

Férémù ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì rọjú jù. Èyí tó yẹ kí ẹ rà ni ti wáyà tó fẹ̀ tó ínṣì 14, tó ní òrùka mẹ́rin tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tí àwọn wáyà kéékèèké dè pọ̀. Bí aṣọ bá ti wọ̀ ọ́ tán, yóò fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 20, ìyẹn sì ṣe rẹ́gí lórí ilẹ̀kùn àbáwọlé tó fẹ̀ ní ínṣì 36. Oníínṣì 12 máa ń dà bíi pé ó sọnù sójú ilẹ̀kùn, oníínṣì 18 sì máa ń jẹ aṣọ jù. Dollar Tree ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra férémù yìí. Dọ́là kan géérégé ni wọ́n ń ta ọjà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 ní ìparí 2021, ọjà tó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ náà sì wà níbẹ̀ báyìí. Michaels àti Hobby Lobby náà ń ta èlò iṣẹ́ ọwọ́ irú èyí. Ẹni tó bá ń gbèrò àtiyà sí Hobby Lobby lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kó má ṣe ara rẹ̀ ní wàhálà o, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Joann tí àwọn aránṣọ fẹ́ràn ti ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn pa ní 2025, bí ìtọ́sọ́nà tí ẹ ń kà bá sì ní kí ẹ lọ ra aṣọ níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ọ́.

Kí ẹ tó sanwó férémù, ẹ gbé e lé ilẹ̀ tó tẹ́jú. Èyí tó bá ń mì ti wọ́. Ẹ wá fi àtàǹpàkò ti gbogbo ibi tí wọ́n ti jó wáyà pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ojú kan bá já, òrùka ibẹ̀ á máa yọ̀ síwá sẹ́yìn lábẹ́ aṣọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ọgọ́rùn-ún kókó mọ́ ọn, títú gbogbo rẹ̀ ló sì kù. Férémù náà tún ní ikùn: apá kan yọ síta, apá kejì jinnú. Apá tó yọ ló gbọ́dọ̀ kọjú sí àlejò. Ẹ fi wáyà tín-ínrín kan sàmì sí òkè rẹ̀ kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ọn.

Ó wá kan bándánà fúnra rẹ̀. Ínṣì 22 ní òró àti ní ìbú ni èyí tó wọ́pọ̀. Òwú gidi ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n fi pọliẹ́sítà lú máa ń yọ̀, kókó rẹ̀ kì í dúró, ó sì máa ń sún kì bí ẹ bá gbìyànjú àtifi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹ yí aṣọ náà padà nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rọjú, ojú kan ni wọ́n tẹ àwọ̀ sí. Ẹ̀yìn wọn ṣì funfun bàlàlà. Lórí wreath, bí ẹ bá so kókó tán, ìdajì aṣọ náà ẹ̀yìn ló máa kọ síta, pupa yín á wá di pupa tó ṣá. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wọ inú dé ẹ̀yìn lè fi sẹ́ǹtì díẹ̀ wọ́n jù ú lọ, àmọ́ òun gan-an ló yẹ kí owó yín lọ sí. Ibòmíràn tí ẹ bá ti fẹ́ ná owó, ẹ fọwọ́ mú un.

Mẹ́jọ ló tó fún férémù oníínṣì 14: pupa mẹ́ta, funfun mẹ́ta, búlúù méjì. Bí a ṣe ṣírò rẹ̀ nìyí. Ẹ gé ìṣẹ́tí bándánà kúrò yíká, ìdajì ínṣì lápá kọ̀ọ̀kan, torí ìṣẹ́tí máa ń mú kí kókó le gbandi. Ó ku ínṣì 21 sí 21. Ẹ gé e sí ọ̀já mẹ́rìnlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì kan àtààbọ̀, kí ẹ wá gé ọ̀já kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta tó gùn ní ínṣì méje. Bándánà kan fún yín ní 42 nìyẹn, mẹ́jọ fún yín ní 336. Òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba nǹkan bí 280 bí ẹ bá ń so kókó méjì sínú ínṣì kan. Èyí tó kù ni ẹ máa fi dí ibi tó bá ṣófo, kò sì sí wreath tí kò ní í ní ibi tó ṣófo.

Kí ẹ tó gé e ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Pupa bándánà máa ń ṣí bí àdìrẹ tuntun, òjò àkọ́kọ́ tó bá sì ta sí i lẹ́nu ilẹ̀kùn á sọ funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di aláwọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ fọ pupa lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi títí yóò fi mọ́ gaara. Ọtí kíkan àti iyọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń ní kí a dà sí i kì í mú àwọ̀ òde òní dúró sára òwú, ẹ fi se ọbẹ̀ yín. Láti dán an wò, ẹ fi tíṣù funfun tó rin nù ún. Bí tíṣù bá pọ́n, ẹ tún un fọ̀. Tó bá gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó tẹ́ dáadáa, torí aṣọ tó rún kì í gé tààrà.

Sísọ́ọ̀sì eléyín ló dára jù fún gígé, torí etí tó bá gé kì í tètè tú. Rotary cutter, ọ̀bẹ rìbìtì tó ń yí bíi táyà, yára jù ú lọ bí ẹ bá ní pátákó tí wọ́n ń gé aṣọ lé lórí, àmọ́ ẹ má kà ju aṣọ mẹ́rin lé ara wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá máa ń yẹ̀. Àwọn kan máa ń fọwọ́ ya á. Ẹ má ya á. Bátànì orí bándánà kì í sábà bá òwú rẹ̀ rìn, yíya á sì bá òwú lọ, á fi bátànì sílẹ̀, okùn á wá máa jáde létí gbogbo ọ̀já.

Ẹ ṣọ́ra fún bándánà tí wọ́n ya odindi àsíá sí lára. Ó ń dán lójú, ó sì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lákòókò yìí, ṣùgbọ́n òfin nípa àsíá wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà, Title 4, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi àsíá ṣe aṣọ wíwọ̀, aṣọ ibùsùn tàbí kọ́tìnì. Ìmọ̀ràn ni òfin náà, kò sẹ́ni tó máa gbé yín lọ sẹ́wọ̀n, síbẹ̀ bí ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì bá wà ládùúgbò, á mọ̀ ọ́n ní àmọ̀dunjú, rírí àsíá tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn yín ò sì ní í dùn mọ́ ọn. Àwọ̀ mẹ́ta lásán, tàbí bátànì bándánà àtijọ́, kò ní ẹ̀sùn kankan.

Bí ẹ ṣe máa tò ó: ìdá mẹ́rin kan, láti ibi tí aago mẹ́sàn-án wà dé ibi tí aago méjìlá wà, ni búlúù. Ọwọ́ òsì ẹni tó ń wò ó ni o, bó ṣe wà lórí àsíá. Èyí tó kù, òrùka tó wà níta jù pupa, èyí tó tẹ̀ lé e funfun, ẹ̀kẹta pupa, ti inú pátápátá funfun. Lọ́nà yìí ìlà àsíá á hàn láìjẹ́ pé ẹ ń ka kókó. Búlúù gba nǹkan bí 70, pupa bí 112, funfun bí 95. Ẹ fi tépù méjì sàmì sí ibi tí búlúù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí ẹ sì máa rántí ojú tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ẹnì kan á dojú férémù bolẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ríbi wọlé, nígbà tó bá sì gbé e dìde, búlúù ti wà lápá ọ̀tún.

Inú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ níta. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òrùka ìta, ìka rẹ̀ ò ní í ríbi gbà dé inú mọ́. Kókó kan ṣoṣo ló tó fún òwú, kí ìrù méjèèjì kọjú síwájú. Bí ẹ bá ti so mẹ́wàá, ẹ fi ọwọ́ tì wọ́n pọ̀ kí wọ́n fún. Ẹ má gé ìrù kankan títí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Nígbà yẹn ni kí ẹ gbé e kọ́ ara ògiri, kí ẹ fẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ gé èyí tó bá yọ ju ẹgbẹ́ lọ. Ìrù tó bá kéré sí ínṣì méjì á dúró gán-ín bí irun tí wọ́n fá, wáyà á sì hàn lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí a fi sọ pé ẹni méjì ló yẹ kó ṣe é ni gígé. Ó ń sú èèyàn, ó sì máa ń mú ọwọ́ ro. Kí ọ̀kan gé funfun àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í so òrùka inú. Ẹni tó ń so kì í yára ju ẹni tó ń gé lọ, nítorí náà gígé á parí ṣáájú, ẹ̀yin méjèèjì á wá jọ máa so. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ló ń gbà. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba á jẹ́ ni pé wọ́n á pín férémù sí ọ̀tún àti òsì, kálukú á mú tirẹ̀. Ọwọ́ èèyàn méjì ò le bákan náà. Apá ẹni tó ń fún kókó á kún dẹ́dẹ́, ti ẹnì kejì á máa hàn gbàgà-gbàgà, gbogbo ojú ló sì máa rí i láti títì. Òrùka ni kí ẹ pín: kí ẹnì kan mú òrùka kan yíká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnì kejì mú òmíràn. Ìyàtọ̀ ọwọ́ á wà níbẹ̀, àmọ́ bátànì ni ojú máa kà á sí. Bí kálukú bá fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ sílé, férémù méjì àti bándánà mẹ́rìndínlógún nìyẹn, ẹ sì ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀.

Ìràwọ̀ onípákó funfun ló bá búlúù mu jù, èyí tó fẹ̀ tó ínṣì kan àtààbọ̀ sí méjì. Márùn-ún tàbí méje ti tó. Àádọ́ta tó wà lórí àsíá láti 1960 kò lè gba ibẹ̀, ẹ má sì dán an wò. Ẹ lu ihò kékeré sí i, kí ẹ fi wáyà dè é mọ́ férémù.

A ní wáyà, a ò ní gọ́ọ̀mù. Ibi tí a ti bá ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà yapa nìyí. Gọ́ọ̀mù tí ẹ̀rọ glue gun ń yọ́ máa ń rọ̀ padà bí ibi tó wà bá gbóná, ọ̀kan lára ibi tó sì máa ń gbóná jù nínú ilé Amẹ́ríkà lóṣù Keje ni àárín ilẹ̀kùn àbáwọlé àti ilẹ̀kùn gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀. Oòrùn á wọ inú gíláàsì náà, ooru ò ní í rí ọ̀nà jáde, ìràwọ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ilẹ̀kùn gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ìta rẹ̀ ni kí ẹ gbé wreath kọ́ sí, tàbí kí ẹ ṣí gíláàsì òkè rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Mesh ńkọ́? Ó ní ìwúlò tirẹ̀. Ó fúyẹ́, òjò kì í rin ín, ó sì ń kún ojú kíákíá. Róòlù tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́wàá, tó gùn ní yáàdì márùn-ún, ló rọjú. Ẹ ra ẹyọ kan nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé e ní ínṣì mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ ó rí 18 nínú róòlù kan. Ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ká ẹní, ẹ kó pupa kan, funfun kan, búlúù kan jọ, ẹ fún wọn láàárín, kí ẹ fi pipe cleaner, wáyà tín-ínrín onírun, dè wọ́n mọ́ férémù. Ìdè 18 ló máa yí i ká, pipe cleaner mẹ́sàn-án tí ẹ gé sí méjì-méjì sì tó fún un. Ibí ni ọ̀rẹ́ ti wúlò jù: ọwọ́ méjì ló ń di mẹ́ta náà mú kí wọ́n má tú, ọwọ́ kẹta ló ń dè é.

Ohun tó gba máàkì méjì lọ́wọ́ mesh ni etí rẹ̀. Gbàrà tí sísọ́ọ̀sì bá ti kàn án ló ti ń tú, tí okùn dídán á sì máa já sílẹ̀ nílé yín títí di Kérésìmesì. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi irin gbígbóná tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára pákó gé e, kí ooru rẹ̀ di etí náà pa. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ọ̀rá ló ń jó, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má sì ṣe é lórí tábìlì pákó. Ní ti oòrùn, ṣíṣá ò yọ mesh tàbí bándánà sílẹ̀: pupa ló kọ́kọ́ ń lọ nínú méjèèjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ lè tú ogún kókó bándánà kí ẹ fi tuntun rọ́pò wọn láìba ìyókù jẹ́.

Páálí aláṣepọ̀ kò ní gbà wá lákòókò. Òrùka fóòmù funfun ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù olójú kan àti ìràwọ̀ díẹ̀. Glue gun tó gbóná dé nǹkan bí 380 lórí ìwọ̀n Fahrenheit máa ń yọ́ fóòmù náà kí gọ́ọ̀mù tó lẹ̀. Èyí tí ooru rẹ̀ kéré, tí kì í kọjá nǹkan bí 250, ni kí ẹ lò bí ó bá pọn dandan. Fún àwọn ọmọdé, ẹ lè rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ríbọ́ọ̀nù dì sí ìsàlẹ̀, ẹ ra èyí tí wáyà wà létí rẹ̀, tó fẹ̀ ní ínṣì méjì àtààbọ̀. Yáàdì mẹ́ta ló tó fún ewé mẹ́fà, ìyẹn apá tí ẹ máa ká, àti ìrù méjì tó gùn ní ínṣì 12. Ojú kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ẹ bá ka ewé kan, ẹ lọ́ ríbọ́ọ̀nù náà lẹ́ẹ̀kan láàárín ìka kí ojú rere rẹ̀ tún yọ. Kí ọ̀rẹ́ yín dè é nígbà tí ẹ ṣì ń fún un mú. Ẹ má tú ìka sílẹ̀ kó tó dè é tán.

Fún àwọn tiwa tó bá fẹ́ ti October 1, férémù kan náà ló ṣe é, àmọ́ ẹ má fi òrùka to ti Nàìjíríà. Òró ni ìlà àsíá tí Táíwò Akínkúnmi yà. Àwọ̀ ewé ni ìdá mẹ́ta apá òsì, funfun ni ti àárín lókè àti nísàlẹ̀, àwọ̀ ewé ni ti apá ọ̀tún. Aṣọ òwú tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ télọ̀ lè rọ́pò bándánà aláwọ̀ ewé, torí àwọ̀ ewé tó jọ ti àsíá wa kì í pọ̀ nínú bándánà.

Ẹni tó ń gbé ilé tí ẹgbẹ́ onílé ń ṣàkóso, kó ka ìwé àdéhùn rẹ̀ kó tó kan ìṣó. Òfin tí Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí ní 2006 dáàbò bo àsíá Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, kò sọ ohunkóhun nípa wreath. Ìkọ́ irin pẹlẹbẹ tó ń gba orí ilẹ̀kùn kọjá kì í dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Oofà dára lórí ilẹ̀kùn irin. Rọ́bà tó ń fà mọ́ gíláàsì kì í pẹ́ nínú ooru, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn July 4, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ fi ọ̀rá ìdalẹ̀nù bò ó, kí ẹ sì gbé e kọ́ hángà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má dùbúlẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ẹrù, kókó ìsàlẹ̀ á tẹ̀. Ẹ má sì gbé e lọ sí òkè àjà, ooru ibẹ̀ pọ̀ jù. Ìràwọ̀ onípákó àti ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ mẹ́ta sábà máa ń wálẹ̀ lówó láti July 5, kí wọ́n tó fi ọjà ìgbà ìwọ́wé rọ́pò wọn.